Cockapoo ni kí n rà, àbí Poodle gan-an?

Ìyá kan tó ń gbé ní àríwá England ló kọ̀wé yìí sí èmi dókítà ẹran. Mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Àwọn ọmọ mi méjèèjì ti ń yọ mí lẹ́nu láti ọdún tó kọjá pé àwọn fẹ́ ajá. Èyí àbúrò ní ásímà, ara rẹ̀ kì í sì í gba ajá. Obìnrin kan ń ta ọmọ Cockapoo ní 1,800 pọ́n-ùn. Ó ní irun rẹ̀ kì í já bọ́, pé kò lè ṣe ọmọ mi ní nǹkan kan, àti pé torí pé àdàlù Cocker Spaniel àti Poodle ni, ó lágbára ju Poodle lásán lọ. Ọkọ mi ní tí a bá máa náwó tó bẹ́ẹ̀, ká kúkú ra Poodle gan-an tó ní ìwé, ká ra abo, kó bímọ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì kí owó wa lè padà. Ta ló tọ̀nà nínú wa?"

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Inú mi dùn pé ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Ẹ̀yìn tí wọ́n bá ti sanwó tán ni mo máa ń rí ọ̀pọ̀ èèyàn, ọmọ ajá á wà lórí tábìlì mi, omijé á sì wà lójú ọmọ wọn. Ọ̀rọ̀ àbíkẹ́yìn yín ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, nítorí òun ló lè gbé yín dé ilé ìwòsàn lóru.

Kì í ṣe irun ajá ló ń bá ọmọ yín jà. Àwọn purotéènì kan wà nínú itọ́ ajá, nínú ìtọ̀ rẹ̀ àti nínú èépá awọ ara rẹ̀. Èyí tí wọ́n mọ̀ jù nínú wọn ni wọ́n ń pè ní Can f 1. Ajá á fi ahọ́n lá ara rẹ̀, itọ́ á gbẹ mọ́ irun, á di ekuru, ọmọ á sì fà á símú. Ajá tí irun rẹ̀ kì í já bọ́ ń lá ara rẹ̀ bí èyí tí irun rẹ̀ kún àga. Ní 2011, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà kó ekuru inú ilé àwọn tó ní ajá, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ilé tó ní irú ajá tí wọ́n ń tà fún àwọn tí ara wọn kì í gba ajá kò fi ohunkóhun sàn ju ilé tó ní ajá mìíràn lọ. Ní 2012, àwọn ará Netherlands yẹ irun fúnra rẹ̀ wò, Can f 1 tí wọ́n rí lára irun àwọn Poodle, Labradoodle (àdàlù Labrador àti Poodle) àti irú wọn tilẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn ajá yòókù lọ.

Ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé ajá kan yàtọ̀ sí èkejì. Ọmọ kan lè jókòó ti ajá yìí kó má sín rárá, kó dé ọ̀dọ̀ ọmọ ìyá ajá náà kí àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í han. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ sọ fún dókítà tó ń tọ́jú ásímà rẹ̀. Bí ó bá gbà, ẹ mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ ajá tí ẹ fẹ́ rà gan-an, kì í ṣe irú rẹ̀. Ẹ lọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ kan ajá náà, kí ajá lá a lọ́wọ́, kí ẹ sì ṣọ́ ọ di ọjọ́ kejì. Ẹni tó bá kọ̀ kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ ti dáhùn ìbéèrè yín nìyẹn.

Àwọn tó kọ́kọ́ ṣe irú àdàlù yìí fún ẹni tí ara rẹ̀ kì í gba ajá rí ohun kan náà. Lápá ìparí àwọn ọdún 1980, obìnrin afọ́jú kan ní Hawaii kọ̀wé sí àwọn tó ń kọ́ ajá tó ń fi ọ̀nà han afọ́jú ní Ọsirélíà. Ó fẹ́ ajá, àmọ́ ara ọkọ rẹ̀ kì í gbà á. Ọ̀gbẹ́ni Wally Conron ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Ó dán Poodle ńlá 33 wò, kò sí èyí tó ṣe iṣẹ́ náà dáadáa, ló bá fún Labrador kan ní Poodle. Ọmọ mẹ́ta ló jáde ní 1989. Wọ́n fi irun àti itọ́ wọn ránṣẹ́ sí Hawaii, ọ̀kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní Sultan ni kò bá ọkùnrin náà jà. Ìyá kan náà ló bí wọn, bàbá kan náà, ọjọ́ kan náà, síbẹ̀ ọ̀kan péré nínú mẹ́ta ló bá a lára mu. Àwọn méjì tó kù kò rí ẹni gbà wọ́n nítorí pé àdàlù ni wọ́n, bí Conron ṣe wá orúkọ tuntun fún wọn nìyẹn, ó ní Labradoodle ni wọ́n. Láti ọjọ́ yẹn ni fóònù kò ti dákẹ́ mọ́. Àwọn baba wa ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Orúkọ nìkan ni ayé gbọ́, kò sẹ́ni tó wo ilé. Ní 2019, ọkùnrin yìí sọ fún àwọn oníròyìn ilẹ̀ rẹ̀ pé ohun tó jẹ́ àbámọ̀ òun láyé nìyẹn, nítorí ó rí bí àwọn èèyàn ṣe ń da ajá pọ̀ láìyẹ ìyá wò, láìyẹ bàbá wò, kí wọ́n ṣáà ti rí ọmọ tà.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ọ̀rọ̀ pé àdàlù lágbára. Mo mọ ìdí tó fi tètè wọ̀ wá létí. Gbogbo wa la mọ èkùkè nílé: kò gba abẹ́rẹ́ kankan, ẹ̀bà àti eegun ló ń jẹ, ó sì ń sáré kiri àdúgbò. Àmọ́ àwọn tó ṣẹ́kù là ń rí. Nínú ọmọ mẹ́jọ tí ìyá èkùkè bí, mélòó ló ń pé ọdún kan? Ebi àti àrùn ti fẹ́ wọn láti ìran dé ìran bí ẹni ń fẹ́ ọkà. Cockapoo kò la irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kọjá. Ajá olówó ńlá méjì ni wọ́n dà pọ̀ lánàá, ohun tó wà lára ìyá àti ohun tó wà lára bàbá ni ọmọ gbé wá.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí kò sí ilé Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n ṣàlàyé. Àìsàn ojú kan wà tí a ń pè ní prcd-PRA. Ẹ̀yìn ẹyinjú ajá ló máa ń kú díẹ̀díẹ̀. Ajá á kọ́kọ́ máa dúró ní ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn lálẹ́, kò ní fẹ́ gùn ún. Á máa forí gbá àga tí wọ́n bá ṣí nípò. Nígbà tó bá yá, á fọ́jú pátápátá, kò sì sí oògùn rẹ̀. Bí jẹnotáìpù tiwa gan-an ló ṣe rí. Ajá tó gbà á lọ́wọ́ òbí kan ṣoṣo dà bí AS: ojú rẹ̀ dá ṣáká, kò sẹ́ni tó lè fi ojú lásán dá a mọ̀. Bí AS méjì bá pàdé, ọmọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá bí ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS, ìyẹn àwọn tó máa fọ́jú. Poodle kékeré ń gbé e kiri. Cocker Spaniel ń gbé e kiri. Labrador náà ń gbé e kiri. Jíìnì kan náà ni, ibì kan náà ló sì ti bàjẹ́ nínú gbogbo wọn. Bí ọmọ Ìjẹ̀bú tó jẹ́ AS bá fẹ́ ọmọ Èkìtì tó jẹ́ AS, ṣé jíjìn ìlú wọn síra wọn ló máa ní kí wọ́n má bí SS? Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti Cocker àti Poodle. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò sì ju kí wọ́n fi òwú nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ajá lọ, kí wọ́n fi ránṣẹ́. Ẹni tó ń gba 1,800 pọ́n-ùn lórí ọmọ kan tí kò ṣe àyẹ̀wò yìí kò ní àwíjàre lọ́dọ̀ mi.

Kí n má parọ́ mọ́ àdàlù, ó ní ibi tó ti wúlò. Àìsàn kídìnrín kan wà nínú ìran Cocker tó jẹ́ pé òbí méjèèjì ló gbọ́dọ̀ gbé e wá kó tó mú ọmọ. Bí kò bá sí lára Poodle tó jẹ́ òbí kejì, ọmọ wọn bọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá tún mú Cockapoo méjì pọ̀, nǹkan lè padà sídìí àárọ̀. Àìsàn tí ìran méjèèjì jọ ní kò ka àdàlù sí rárá. Ohun tí ìwádìí sì ń sọ nìyẹn. Ní 2013, yunifásítì kan ní California wo àkọsílẹ̀ ajá tó lé ní 27,000 lórí àìsàn ìdílé 24. Mẹ́wàá ló pọ̀ jù lára àwọn tí kò ní àdàlù, ọ̀kan pọ̀ jù lára àdàlù, mẹ́tàlá yòókù kò fi ìyàtọ̀ hàn. Ní 2024, ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ẹran ti ìjọba ọba ní London fi Cockapoo, Labradoodle àti Cavapoo (àdàlù Cavalier àti Poodle) wé ìran àwọn òbí wọn lórí àìsàn 57. Ìfiwéra mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni kò fi ìyàtọ̀ kankan hàn.

Bàbá àwọn ọmọ, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ tiyín. Ìwé tí Kennel Club, ẹgbẹ́ tó ń forúkọ ajá sílẹ̀ ní Britain, ń fúnni jẹ́ ìwé ìran: ó sọ ẹni tó bí ajá, kò sọ bóyá ara ajá le. Poodle ńlá ti gba ojú ihò tóóró kọjá láàárín ọ̀rúndún tó kọjá. Àwọn akọ àti abo díẹ̀ tó gba ẹ̀yẹ ni gbogbo èèyàn ń lé, títí tí púpọ̀ nínú Poodle ńlá òde òní fi di ìbátan ara wọn. Àwa tí bàbá wa kò jẹ́ ká fẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá wa mọ ohun tó wà nídìí ìkìlọ̀ yẹn. Láti ibẹ̀ ni àìsàn Addison, èyí tí kì í jẹ́ kí ara pèsè àwọn họ́mọ̀nù kan tó nílò, ti gbòòrò nínú wọn, àti àìsàn awọ tó ń pa ibi tí òróró ara ti ń sun, tí irun á máa re kúrò ní abala-abala. Ojú òpó Kennel Club ní irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tó ń ṣírò bí ìyá àti bàbá ajá ṣe súnmọ́ra tó ní ẹbí. Bí iye náà bá kéré sí ti ìpíndọ́gba ìran wọn, ó dáa.

Ohun tí Poodle gidi fi ju Cockapoo lọ ni pé ẹ mọ ohun tí ẹ ń rà. Ní Britain, Poodle Toy kì í ga ju sẹ̀ǹtímítà 28 lọ ní èjìká, Miniature kì í ju 38 lọ, èyí tó bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ ni Standard. Irun rẹ̀ yóò ká. Ní ti Cockapoo, ọmọ márùn-ún inú abo kan náà lè ní irun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: èyí ká, èyí rọ̀ bí ìgbì omi, èyí kẹta lọ gbọọrọ bíi ti Cocker, tí yóò sì máa já bọ́ sórí àga yín. Kò sẹ́ni tó lè fi ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ búra.

Irun yìí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa, torí òun ni àwọn tó ń tà á kì í sọ. Irun Poodle ń kú bíi ti ajá mìíràn, kì í kàn já bọ́ sílẹ̀ ni. Inú irun tó kù ló ń há sí. Wọ́n gbé Cockapoo kan wá fún mi ní òtútù tó kọjá, ọmọ oṣù mọ́kànlá. Bí ẹ bá wò ó láti òkè, ó ń dán, ó rí múlọ́múlọ́. Mo ki ìka bọ ìdí etí rẹ̀, ìka mi kò kọjá. Mo ki í bọ abẹ́ apá, bákan náà. Irun ti ta kókó mọ́ awọ bí irun Dàdá, kò sí bí òòyà ṣe lè wọ ibẹ̀. A ní láti fún un ní oògùn oorun ká tó fá a, irun náà sì ṣí kúrò lára rẹ̀ ní odindi bí ẹní. Awọ abẹ́ rẹ̀ pupa, ó rin, ó ń rùn, etí méjèèjì kún fún ọyún. Obìnrin tó ni ín dúró ní igun yàrá, ó ń sunkún. Ojoojúmọ́ ló ń fi búrọ́ọ̀ṣì yà á, òkè nìkan ló ń yà. Ẹni tó tà á fún un ló sọ fún un pé kò nílò ìtọ́jú irun. Mi ò lè bá obìnrin náà wí.

Ẹ̀yin mọ bí wọ́n ṣe ń yarun ọmọ kí wọ́n tó di í. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe fún ajá yìí, ìbáà jẹ́ Poodle, ìbáà jẹ́ Cockapoo: ẹ pín irun sí ọ̀nà, ẹ fi òòyà onírin yà á láti ìdí, kí ẹnu òòyà kan awọ. Kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń gé irun ajá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ síra. Láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan ni irun ọmọdé ń pààrọ̀ sí ti àgbà, ìgbà yẹn ló ń burú jù. Owó irun yìí á máa wọlé fún ọdún mẹ́tàlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ kà á mọ́ iye tí ẹ máa ná.

Ohun kan tún wà tí orúkọ dídùn wọ̀nyí ń bò mọ́lẹ̀. Ajá ọdẹ ni Poodle. Ní Jámánì, omi ló ń wọ̀ lọ gbé pẹ́pẹ́yẹ tí ọdẹ yìn bọ̀. Irun tí wọ́n ń fi sílẹ̀ láyà àti ní oríkèé rẹ̀, tí àwọn èèyàn ń pè ní fáàrí, òtútù omi ni wọ́n ní kó má baà mú ibẹ̀. Ajá ọdẹ ẹyẹ ni Cocker náà. Ọmọ ọdẹ méjì ni ẹ fẹ́ gbé sínú ilé. Bí ẹ̀yin méjèèjì bá ń ṣe iṣẹ́ wákàtí méjìlá, tí kò sí ẹni nílé, ajá yẹn máa wá iṣẹ́ fún ara rẹ̀, bàtà àti ilẹ̀kùn yín ló máa fi ṣe é. Bí ipò yín bá rí báyìí, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn láti ra èyíkéyìí lọ́dún yìí.

Bí ẹ bá máa rà á, ibi tí ìyá ajá wà ni kí ẹ lọ. Láti oṣù kẹrin 2020 ni òfin England tí wọ́n ń pè ní Lucy's Law ti ní kí alágbàtà má ta ọmọ ajá tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Lucy jẹ́ ajá Cavalier kan tí wọ́n yọ nínú ọgbà tí wọ́n ti ń fipá mú ajá bímọ léraléra, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ nítorí àgò tóóró tí wọ́n tì í mọ́. Ẹ wo bí ọmọ ṣe ń sáré lọ sọ́dọ̀ ìyá, kí ẹ wo bóyá ọmú ìyá fi hàn pé ó ń fún ọmọ lọ́mú. Àwọn kan máa ń gbé abo mìíràn jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ béèrè àyẹ̀wò jíìnì ìyá àti ti bàbá, ìwé méjì, kì í ṣe ọ̀kan. Ẹ béèrè àyẹ̀wò ojú láti ọwọ́ dókítà ojú ẹran, àti bí dókítà ṣe rí orúnkún wọn, torí eegun kékeré tó bo orúnkún Poodle kékeré máa ń yẹ̀. Bó bá jẹ́ Labradoodle tàbí Poodle ńlá, ẹ béèrè fọ́tò X-ray ìbàdí òbí rẹ̀ àti máàkì tí wọ́n fún un: ní Britain, máàkì náà ń bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 106, èyí tó bá kéré ló dáa. Bí wọ́n bá ní "dókítà ti wò wọ́n, ara wọn dá", ìyẹn kì í ṣe àyẹ̀wò. Èmi fúnra mi kò lè fi ojú rí AS.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi í pé: "Bí ó bá di ọdún mẹ́rin òní tí àyà ọmọ mi kò gbà á mọ́, kí la máa ṣe?" Ẹni tó ń sin ajá tọkàntọkàn á ní kí ẹ gbé e padà wá fóun, ọjọ́ yòówù kó jẹ́, á sì ti kọ ọ́ sínú ìwé. Òun náà á bi yín ní ìbéèrè, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni ń wádìí àna. Ẹ má bínú sí i.

Ní ti kí ajá yín bímọ kí owó lè padà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbàgbé rẹ̀. Mo ti gbẹ̀bí abo Poodle kékeré kan ní aago méjì òru. Ọmọ há, iṣẹ́ abẹ ni a fi gbé mẹ́ta jáde, ẹyọ kan ló yè, ìyá fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ. Owó iṣẹ́ abẹ yẹn nìkan ju ohun tí wọ́n lè rí lórí ọmọ náà lọ, àwọn ọmọ ilé sì dúró tí wọ́n ń wò. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é bó ṣe yẹ á ṣe gbogbo àyẹ̀wò tí mo kà sílẹ̀ yìí, á dúró kí abo dàgbà, á ní owó iṣẹ́ abẹ nílẹ̀, á fara balẹ̀ wá akọ tí kì í ṣe ìbátan, á sì ṣe tán láti gba ọmọ tí wọ́n bá dá padà. Ìgbà tí ó bá ṣe ìṣirò tán, èrè kì í ṣẹ́kù. Àwọn tó ń jèrè gọbọi ni àwọn tó fo nǹkan wọ̀nyí.

Ta ló wá tọ̀nà? Ní ti ilé tiyín, Poodle Miniature ni mo máa mú, àmọ́ mi ò ní ra ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Àwọn tó ń sin Poodle dáadáa máa ń wá ilé fún abo wọn tó ti bímọ tó, tó ti di ọmọ ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún. Irun rẹ̀ ti di èyí tó máa jẹ́, ẹ ti mọ ìwà rẹ̀, àyẹ̀wò rẹ̀ ti wà nílẹ̀, owó rẹ̀ sì máa ń dín púpọ̀. Pàtàkì jù, ọmọ yín lè jókòó tì í ní Sátidé mẹ́ta kí ẹ tó dáhùn. Bí ẹ bá sì rí Cockapoo tí ìwé òbí rẹ̀ méjèèjì pé, tí àyà ọmọ yín gbà á, ẹ mú un, mi ò ní bá yín jà. Ní ti obìnrin 1,800 pọ́n-ùn yẹn, ẹ kọ̀wé sí i lálẹ́ òní, kó fi àyẹ̀wò prcd-PRA ti ìyá àti ti bàbá ránṣẹ́. Ẹ má san àsansílẹ̀ kó tó dáhùn.